Àgbáyun Tí Kì í Ṣe Àgbáyun

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ń sè é. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, àwọn obìnrin Bàrìbá a gbé èso náà wá láti oko nínú agbọ̀n. Ó dúdú, ó ń dán, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó orí àtàǹpàkò mi. Ìyàwó mi a rẹ ẹ́ sómi, a sè é, a fi aṣọ sẹ́ ẹ, a sì dá omi rẹ̀ padà sórí iná títí yóò fi ki. Ohun tó bá kù nínú ìkòkò là ń pè ní sírò. Ṣíbí kan nínú omi tútù ti tó ife kan. Èso náà fúnra rẹ̀, àgbáyun ni ìyàwó mi ń pè é. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, ní àdúgbò Titirou. Mo ti gbé ìyàwó kí n tó kọ́ ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ni mo ti kọ́ ọ, lẹ́yìn iṣẹ́, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó lórí irun mi. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ, títí dé ara àpò símẹ́ńtì.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, ọmọbìnrin mi àgbà gba ìkòkò náà. Kò sí ẹni tó ní kó gbà á. Òjò rọ̀, àwọn obìnrin náà dé pẹ̀lú agbọ̀n wọn, ó sì jáde lọ rà á. Ó ń tà á bí ìyá rẹ̀ ti ń tà á, ní àdúgbò wa àti ní Albarika, nínú ìgò tí kò ní àkọlé kankan. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọkùnrin kan tó ní ilé ìtajà ńlá fi tọ́ ọ wò. Ọkùnrin náà ní òun yóò máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó lọ gba ìwé àṣẹ ìjọba ná. Ọmọ mi padà wálé lọ́jọ́ náà, kò lè jókòó. Ó ń rìn káàkiri àgbàlá. Ó ní òun kò ní máa gbé àtẹ kiri mọ́.

Ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n ní kí ó kọ ohun tó wà nínú ìgò sára ìgò, kí ó sì fi orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe èso náà kún un, orúkọ tó jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo ayé. Ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tẹ̀wé. Ìyẹn bi í pé kí lorúkọ èso náà. Ó ní àgbáyun. Ọmọkùnrin náà tẹ fóònù rẹ̀, ó rí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde: Sírò Àgbáyun, àti lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà tó dagun díẹ̀, *Synsepalum dulcificum*.

Ọjọ́ tí ọmọ mi kó àwọn ìwé pélébé tí yóò lẹ̀ mọ́ ìgò délé, mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ méjèèjì, mo kà wọ́n jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gùn. Wọ́n wù mí.

“Ṣé màmá yín mọ̀ pé ohun tí òun ń sè lórúkọ tó tó báyìí?” mo ní.

“Bí wọ́n bá mọ̀ ni, wọn ì bá ti fi owó kún un,” ọmọ mi wí.

Mo kan àpótí kan fún àwọn ìgò náà. Èmi ni mo bá a gbé e lọ sí ọ́fíìsì, nítorí náà mo wà níbẹ̀.

Obìnrin ni òṣìṣẹ́ tó gbà wá lálejò. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ọmọ ìhà Kétu ni, bíi ti ìyàwó mi. Ó kí mi dáadáa, ó ní kí n jókòó. Ó mú ìgò kan, ó kà á, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó wá wo àwọn èso tútù tí ọmọ mi kó wá sínú abọ́ kékeré, kí wọ́n lè rí ohun tí a fi ṣe é.

“Ta ló kọ àgbáyun sí i?”

“Èmi ni, màdáámù.”

“O mọ àgbáyun?”

“Òun là ń sè nílé wa láti kékeré.”

Obìnrin náà fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. “Ta ló ń se àgbáyun? Bí iná bá ti kàn án, agbára rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ̀yìn ilé ìyá mi ni igi rẹ̀ wà. Pupa ni. Kékeré báyìí ni.” Ó fi orí ìka kékeré rẹ̀ hàn án. “Eléyìí dúdú bí ìdí ìkòkò.”

Ọmọ mi ní bóyá irú ti ìhà ibí ló dúdú. Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ó yọjú síta, ó ní kí obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà fún òun ní ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ó là á sí méjì.

“Jẹ èso rẹ. Jẹ ẹ́ dáadáa, kó kan gbogbo ahọ́n. Ó tó. Ó yá, fa ọsàn yìí mu. Bó bá jẹ́ àgbáyun lo jẹ, á dà bí oyin lẹ́nu rẹ.”

Ọmọ mi fà á. Ojú rẹ̀ méjèèjì pa dé.

“Oyin ni?”

“Ó kan, màdáámù.”

“Ó kan! Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀, kí ẹ má lọ sọ pé mo yan ọmọ yín jẹ.”

Mo jẹ èso kan, mo sì fa ọsàn náà. Ó kan débi pé etí mi gbọ́ ọ.

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní àgbáyun wọ́n, àwọn èèyàn ń wá a láti òkè òkun wá, àti pé ẹni tó bá mú èso tó ń já bọ́ lófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko, tó sì kọ àgbáyun sára rẹ̀, ó ń tan èèyàn jẹ ni. Ó ní òun kò tíì kọ ẹ̀tàn sílẹ̀. Kí a mú ẹ̀ka igi náà wá, tewé tèso, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an, kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò kọ ọ́, ọmọ mi kò sì ní rí ìwé àṣẹ gbà lórí sírò náà mọ́.

Ó yíjú sí mi. “Bàbá, ọmọ ilẹ̀ yìí ni yín. Kí ni ẹ̀yin ń pè é?”

“Ó lórúkọ,” mo ní.

“Mo mọ̀ pé ó lórúkọ. Kí ni?”

Mo wo ọwọ́ mi. “N kò lè pè é.”

Obìnrin náà wo ọmọ mi, ó tún wò mí. “Ẹ rí i? Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ń fi pa mọ́.”

Bí mo bá jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ yá lẹ́nu, ǹ bá ti ṣàlàyé níbẹ̀. N kò ṣe é. Jẹ́ kí n ṣe é níhìn-ín.

Ìyá tó bí bàbá mi ń bọ̀ láti oko ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ nígbà tí ìrọbí mú un. Abẹ́ igi èso náà ló bí i sí. Wọ́n fi orúkọ igi náà pè é. Orúkọ tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ títí ó fi kú. Ọmọ kì í pe orúkọ bàbá rẹ̀. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé ọkọ, áńbọ̀sì orúkọ bàbá ọkọ. Ohun tí wọ́n bá sì fi orúkọ náà pè, igi ni o, odò ni o, wọ́n á yẹra fún òun náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń pe igi náà nínú igbó láàrin àwọn ẹgbẹ́ mi, níbi tí bàbá mi kò ti lè gbọ́. Nígbà tí ìyàwó mi dé, tó ń pe èso rẹ̀ ní àgbáyun, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń pè é ní Kétu nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni Kétu ń pè báyìí tí Ṣábẹ̀ ń pè bí ọ̀hún. N kò bi í. Orúkọ náà rọ̀ mí lọ́rùn, tèmi kò sì rọrùn láti pè nínú ilé tí bàbá mi wà. Bàbá mi kú, ẹnu wa ti mọ́ ọn.

Nítorí náà n kò kọ orúkọ náà síhìn-ín. Ẹni tó bá mọ igi tí mo ń wí ti mọ orúkọ bàbá mi.

Nígbà tí a délé, mo sọ èyí fún ọmọ mi. Kò tó bí mo ṣe sọ ọ́ yìí. Mo ní orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ ni.

Ó ń to àwọn ìgò padà sínú àpótí.

“Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni Màmá,” ó wí níkẹyìn. “Bí igi àgbáyun bá wà lẹ́yìn ilé obìnrin yẹn, ó wà lẹ́yìn ilé tiwọn náà. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé eléyìí kọ́. Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ fún àwa ọmọ wọn pé òun ni?”

Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n. Obìnrin ọ́fíìsì yẹn pè é ní ẹlẹ́tàn, ọmọ mi sì ń rò ó bóyá ìyá òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí Ladjifarani.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń gbé níbẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń ríran. Òun nìkan ló kù nínú ìdílé wa tó ju bàbá mi lọ. A bá a lórí ẹní níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà nípa fífi ọwọ́ tọ́ ọ.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Ìwọ ta? Ẹni tó ń wá wò mí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún?”

“Ẹ má bínú, Ìyá.”

“N kò bínú. Mo ti gbàgbé rẹ ni. Ta lo mú dání?”

Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì gbé èso kan lé e lọ́wọ́. Ìyá fi í símú. Ó pe orúkọ bàbá mi báyìí, gbangba, bí ẹni ń pe adìẹ rẹ̀ wọlé. Mo bojú wo ojú ọ̀nà.

“Ẹ wo àgbàlagbà tó ń bojú wo ibòmíràn,” ni Ìyá wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rí mi. “Àbúrò mi ni. Ẹ̀yìn mi ló ti yọ eyín. Èmi ni mo gbé e délé láti abẹ́ igi náà, ìyá wa ru igi ìdáná. N ó pè é bó ti wù mí.”

Ọmọ mi bi í. Ó bi í tààrà, bí mo ṣe mọ̀ pé n kò ní lè bi í: kí ló dé tí ìyá òun fi ń pè é ní àgbáyun?

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín kí ó tó dáhùn. Ó ní òun ni kí a dá lẹ́bi, ilé wa ni òun ń gbé nígbà náà. Ní òjò àkọ́kọ́ tí ìyàwó mi lò nílé wa, ó ti ọjà dé pẹ̀lú agbọ̀n èso náà. Bàbá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ìyàwó, kí lo rà bọ̀?” Ìyàwó mi dúró síbẹ̀. Kò lè pè é, kò lè dákẹ́. Ó sá wọlé lọ bá Ìyá ní ìdí ààrò, omi ti lé sí i lójú.

“Mo ní, ‘Ọmọ, kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Ṣebí o ti fún gbogbo ọmọ ilé lórúkọ? Ìyẹn Adúmáadán, tọ̀hún Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, èyí tí kò dúdú tí kò sì lẹ́yinjú lò ń pè ní Akọ̀wé. Fún èso náà ní tiẹ̀.’ Ó rò ó. Ó ní níbi tí àwọn ti wá, èso kan wà, bí èèyàn bá jẹ ẹ́, ohun yòówù tó bá jẹ tẹ̀ lé e, bó kan, bó korò, á dùn lẹ́nu rẹ̀. Òun á máa fi ìyẹn pe eléyìí. Mo ní, ‘Kí ló korò nílé wa tó o fi ń wá àgbáyun?’ O mọ ohun tó wí?”

“Rárá, Ìyá,” mo ní.

“Ó ní, ‘Ọbẹ̀ yín, Ìyá.’ Ọbẹ̀ tí èmi sè! Ìyàwó tí kò tíì pé ọdún!” Ó fi ọwọ́ lu itan. “Mo lọ rò ó fún bàbá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Láti ọjọ́ náà, bí ìyàwó rẹ bá wà nítòsí, òun fúnra rẹ̀ á ní, ‘Àgbáyun dà?’ Ìwọ nìkan ni o kò mọ̀. Ìwọ wà lẹ́nu iṣẹ́, tàbí o wà níbi tí o ti ń kọ́ a, b, d.”

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín gan-an, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ tàn. Ó ṣe ohun tí ìyàwó ilé ń ṣe ni, ó sì ṣe é dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí ẹnu kan náà ló ní.

Ìyá ní kí ọmọ mi pe orúkọ náà. Ọmọ mi wò mí.

“Má wò ó. Ọmọ ilé ni ọ́, o kì í ṣe ìyàwó. Igi lò ń pè. Pè é kí n gbọ́.”

Ó pè é. N kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ọmọ mi rí. Ó bá a lẹ́nu mu.

Ní ọjọ́ kejì a gun ọ̀kadà jáde ní ìlú, títí a fi rí igi náà létí oko iṣu kan. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko. Mo gé ẹ̀ka kan tó ní èso, àwọn kan dúdú, àwọn kan kò tíì pọ́n. Ewé rẹ̀ máa ń jáde ní márùn-ún márùn-ún láti ojú kan, bí ọwọ́ tí a là. Mo mọ igi náà dáadáa. Mo ti fi í ṣe àga rí. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá ló pe orúkọ rẹ̀. Èmi kàn ní mo ti gbọ́.

A gbé ẹ̀ka náà dé ọ́fíìsì ṣáájú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀. Ó pe orúkọ náà, ó sì sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, títí kan ọbẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ, ó gbá orí tábìlì.

“Bàbá! Ẹ ò ṣe sọ pé orúkọ bàbá yín ni?”

“Ẹ ò bi mí ìdí rẹ̀.”

“Mo ní ẹ ń fi pa mọ́!”

“Mo ń fi pa mọ́ lóòótọ́.”

Ó mi orí. Ó ní orúkọ ìyá ọkọ òun ní omi nínú, láti ọjọ́ tí òun sì ti wọ ilé wọn, “nǹkan tútù” ni òun ń pe omi.

“Kódà bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín?” ọmọ mi bi í.

“Ìgbà yẹn gan-an.”

Ó ka ewé, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó la èso kan, ó wo kóró inú rẹ̀. Ó fi wọ́n wé àwòrán inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí wa kí a lè rí i. Igi wa ni. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ *Vitex doniana* sí. Ó fi bírò fa ilà lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì tó gùn náà, ó sì kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀.

“Àgbáyun gbọ́dọ̀ kúrò lára ìgò,” ó wí. “Ìtàn yín dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á kò mọ ìtàn.”

Òótọ́ ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ ló kù. Ọmọ mi fẹ́ kọ orúkọ ti Ṣábẹ̀ gàdàgbà, kí orúkọ bàbá àgbà òun lè wà lójú ọjà. Ó dùn mọ́ mi nínú.

“Ta ni yóò máa tà á?” mo bi í.

“Èmi.”

“Bí o kò bá sí nílé ńkọ́?”

“Ẹ̀yin.” Ó gbé ojú sókè. “Áà.”

“Ìyàwó tí àbúrò rẹ fẹ́ gbé ńkọ́, tó ní òun yóò máa bá ọ gbé e lọ sọ́jà?”

Ó rò ó. Ìyàwó tuntun náà yóò dúró níwájú oníbàárà, wọn yóò ní kí ló ń tà, kò sì ní lè dáhùn.

“Àbí kí òun náà sá wọ ìdí ààrò lọ sunkún?” ọmọ mi wí.

Mo ní kó kọ Sírò Èso Igbó, kó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì ti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tóbi lábẹ́ rẹ̀. Kò sí bàbá ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ.

Ìwé àṣẹ dé. Ọkùnrin onílé ìtajà náà gba àpótí àkọ́kọ́, ó tún ránṣẹ́ wá fún òmíràn. Nígbà tí ọmọkùnrin mi gbé ìyàwó rẹ̀ wálé, ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ sí bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tà á. Mo ń gba ìdí ọjà kọjá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, pákó lórí kẹ̀kẹ́ mi, nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó rí i. Ẹnu rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tó wà lára ìgò, kò rọra pè é, kò bojú wo ẹnikẹ́ni:

“Fítẹ́ẹ̀sì rèé o! Fítẹ́ẹ̀sì tútù! Ẹ wá ra Fítẹ́ẹ̀sì!”

Mo dúró, mo sì ra ìgò kan.